Ibi mẹ́ta tí mo gbé ọmọ dé nítorí ojú ìjẹ kan, àti èyí tó mọ ohun tó ń ṣe é

Mo ń kọ èyí fún àwọn òbí tó ń gbé ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn bíi tiwa, níbi tí koríko ti sún mọ́ ilé, tí iná mọ̀nàmọ́ná sì lè lọ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó padà dé. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ládùúgbò wa ṣe fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní oṣù Keje tó kọjá. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ bí iṣẹ́ náà ti dára tó láìkọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí ní ibi méjì tí a ti yà sí ṣáájú. N kò ní dárúkọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò sí níhìn-ín láti wí tẹnu wọn, nọ́ọ̀sì tó wà ní ibi kẹta sì sọ fún mi pé èrò tí òun ń rí lójoojúmọ́ ti tó òun.

Ọjọ́ Àìkú ni mo kọ́kọ́ rí i nígbà tí mo ń wẹ ọmọ náà: ojú ìjẹ méjì tó pọ́n, tó sì ga díẹ̀, lókè ìdí níbi tí rọ́bà ṣòkòtò máa ń fún un. Mo rò pé ẹ̀fọn ni. Ìyá onílé wa ní ìdun ni, a sì gbé ibùsùn síta, a yẹ gbogbo ojú rírán rẹ̀ wò, a kò rí ìdun kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú ìjẹ méjèèjì ti tóbi tó ẹyọ ẹ̀wà, wọ́n ti le, omi díẹ̀ tó dàpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde láti àárín wọn, ó ń rin aṣọ. Ọmọ náà máa ń jí lóru, á ní, “Mọ́mì, ó ń rìn.” Èmi náà á dá a lóhùn pé kò sí ohun tó ń rìn, kó sùn. Òun ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é nínú gbogbo wa, ṣùgbọ́n ta ni í gbọ́ ti ọmọ ọdún mẹ́rin ní aago méjì òru?

Kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta ni a kọ́kọ́ lọ. Wọn a máa ṣí di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹnìkan kì í sì í pẹ́ níbẹ̀, èyí sì dára. Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì wo àwòrán tí mo yà sórí fóònù, kò ní kí n yí ọmọ náà padà kí òun rí ìdí rẹ̀, ó kàn ní, “Aláǹtakùn ló jẹ ẹ́, Mà.” Ó ta ìpara kan fún mi tí wọ́n po ògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, èyí tó ń mú wíwú rọlẹ̀, ti làpálàpá, àti èyí tó ń pa kòkòrò àrùn, ó sì fi Piriton olómi kún un. Owó rẹ̀ jẹ́ 3,800 náírà. Pípọ́n náà rọlẹ̀ fún ọjọ́ kan, inú wa dùn, àṣé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

Ibi kejì ni ilé ìwòsàn aládàáni kan tó mọ́ tónítóní, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń kí ènìyàn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Láàárín ogún ìṣẹ́jú a ti wà níwájú dókítà. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó wo ìdí ọmọ náà láti òdìkejì tábìlì, ó ní eéwo ni, ó sì kọ àyẹ̀wò ibà àti ti tàífọ́ọ̀dù sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọmọ kò gbóná rárá. Wọn kò rí ibà. Wọ́n ní àyẹ̀wò tàífọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń pè ní Widal, fi hàn pé ó ní in. Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń wá ni àmì pé ara ti bá kòkòrò àrùn náà jà rí, àmì bẹ́ẹ̀ sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ tí tàífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, láìjẹ́ pé àìsàn náà ń ṣe wọ́n lọ́wọ́lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ṣe àlàyé yẹn fún mi lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n kọ fún un, wọ́n sì dá ọjọ́ Ẹtì fún wa pé àwọn yóò la eéwo méjèèjì. A ti san 41,500 náírà kí a tó jáde, owó lílà kò sì sí nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí dókítà náà má tíì rí irú rẹ̀ rí, n kò sì bá a jà fún èyí. Ṣùgbọ́n ká ní ó bi ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ kan péré ni, ì bá ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́ ní ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe nítorí ọmọbìnrin mi ni mo ṣe lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Àbúrò rẹ̀ ló ní abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù mẹ́sàn-án láti gbà, mo sì mú ẹ̀gbọ́n dání nítorí kò sí ẹni tí mo lè fi í sílẹ̀ fún. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń kọ orúkọ rí i bó ṣe ń fi ìdí ra ara bẹ́ǹṣì, ó sì béèrè ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní, “Eéwo ni, Mà. Ọ̀la ni wọn yóò là á.” Kò dá mi lóhùn. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ní, “Ìyá mi, kí ló ń ṣe ọ́ níbẹ̀?” Ọmọ náà ní ó ń rìn. Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí láti ọjọ́ Àìkú: “Níbo lo ń sá aṣọ sí? Ṣé o sì ń lọ̀ ọ́?”

Òtítọ́ ni mo sọ fún un. Òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, nítorí náà mo ń sá a sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, nígbà mìíràn mo ń tẹ́ ẹ sórí koríko. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ti rí iná kẹ́yìn, áyọ́ọ̀nù kò sì ṣiṣẹ́. Ó mi orí. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gba fóònù mi ó tan iná rẹ̀ sójú ibẹ̀, ó sì kán omi díẹ̀ sórí rẹ̀. Ìhó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú omi náà. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Mo rí ihò kékeré kan ní àárín, àti ohun kan tó ń yọjú tó tún ń fà sẹ́yìn nínú rẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

Ìdin ni. Ó rán mi lọ ra Vaseline 500 náírà lẹ́nu géètì, ó bu ú lé ojú ìjẹ méjèèjì nípọn títí ihò kò fi hàn mọ́, ó sì lọ fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́. Ìdin náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé, ìdí ló fi ń mí, ìdí yẹn ló sì máa ń gbé sí ojú ihò. Bí a bá dí i, yóò sún síta láti wá afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó padà dé, àmì dúdú kéékèèké méjì sì ti yọ lójú Vaseline. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò fi ìkánjú ṣe é, nítorí pé bí ìdin bá já sínú ara, ibẹ̀ lè wú kó sì gbọ́gbẹ́. Ó jáde lódindi: funfun, ó sanra, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Èkejì tẹ̀ lé e. Ó fi sípíríìtì nu ibẹ̀, ó yẹ káàdì àjẹsára ọmọ náà wò bóyá ó ti gba gbogbo èyí tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, ó sì ní kò nílò abẹ́rẹ́ kankan mọ́ àfi bí ibẹ̀ bá ń sọ ọyún, tí pípọ́n rẹ̀ ń gbilẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ọmọbìnrin mi wo inú ike tí wọ́n kó wọn sí, ó ní, “Mo ti sọ fún mọ́mì.”

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì náà ní kí n tú ìlédìí ìkókó. Ọ̀kan wà ní ìdí òun náà, ó ṣì kéré gan-an, mo ti rò pé ooru ìlédìí ni. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kò tíì tó yọ, kí n padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ti ka díẹ̀ nípa rẹ̀ láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo kà ló sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Eṣinṣin tó ń yé e ni wọ́n ń pè ní tumbu, Cordylobia anthropophaga nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ló ti wọ́pọ̀. Ní Senegal, àwọn Faransé ti kọ̀wé nípa ìdin rẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì fi orúkọ agbègbè Kayor pè é. Eṣinṣin yìí kì í jẹ ènìyàn, kì í sì í yé sí ara ènìyàn. Ibi òjìji ló fẹ́ràn: iyẹ̀pẹ̀ tí òórùn ìtọ̀ wà lára rẹ̀, tàbí aṣọ tó rin tí wọ́n sá síbi tí oòrùn kò dé. Ó lè yé ẹyin 100 sí 300. Ẹyin náà á pa láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ìdin tó jáde sì lè dúró láìjẹun ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, títí ara tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò fi kàn án. Ó máa ń wọlé láìdun ènìyàn. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí méjìlá ló fi ń dàgbà lábẹ́ awọ, lẹ́yìn náà á jáde fúnra rẹ̀, á já sílẹ̀, á sì wọ inú iyẹ̀pẹ̀ lọ di eṣinṣin. Àṣé rọ́bà ṣòkòtò ni mo fi ń kó o lé ọmọ mi ní ìdí láràárọ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ kò ní àléébù. A jókòó fún wákàtí méjì ó dín díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan tí kò gba gbogbo wa. Ẹ̀rọ omi wọn gbẹ, inú kẹ́ẹ̀gì ni nọ́ọ̀sì ti ń bu omi fọ ọwọ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi ló fi ṣiṣẹ́, ilé ìyàgbẹ́ sì wà ní títì pa. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ ìdin náà sínú ìwé kankan. Àjẹsára àbúrò nìkan ló wà lákọsílẹ̀, bí ẹni pé ìyókù kò ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà tún fi mí ṣe àpẹẹrẹ lójú gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀, ó ń pariwo aṣọ mi tó wà lórí koríko, ojú sì tì mí. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí mo rí ìyá méjì tí wọ́n ń ká aṣọ ọmọ wọn sókè, wọ́n ń wo ẹ̀yìn wọn. Gbogbo owó tí mo ná jẹ́ 700 náírà, káàdì àti Vaseline.

Bí irú èyí bá bá ọmọ yín, tí ojú ibẹ̀ dà bí eéwo, tó ní ihò ní àárín, tí ọmọ sì ń sọ pé nǹkan ń rìn, irú ilé ìwòsàn alábọ́dé yẹn ni mo lè júwe fún yín kí ẹ tó ná owó sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú ló wà, tàbí tí ìdin ti já sínú ara, ilé ìwòsàn ńlá tó lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora ni kí ẹ gbà lọ. Ìyá onílé wa ti ní kí n da kẹrosíìnì sí i. Inú mi dùn pé n kò gbọ́. Àbúrò mi tó wà ní London náà ní kí n fi kún un pé ẹni tó bá kó ọmọ wálé fún ọdún, tí ojú ìjẹ sì yọ lẹ́yìn tí wọ́n padà, kí ó tètè sọ fún dókítà ọ̀hún pé Nàìjíríà ni àwọn ti ń bọ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ibi tí aṣọ ti gbẹ kò lè ronú kan ìdin.

A padà lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ìwòsàn aládàáni ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ìdí tí a kò fi wá fún lílà. Mo ti yá áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá onílé, mo sì ti lọ gbogbo aṣọ ilé, tojú tẹ̀yìn, títí kan aṣọ ìnura àti ìlédìí, kí ooru lè pa ẹyin tó bá wà lára wọn. Nọ́ọ̀sì náà gba ìkókó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò tíì wo ìdí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yí etí ẹ̀wù rẹ̀ síta, ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ìlà tí áyọ́ọ̀nù fà sí i, lẹ́yìn náà ló wá ní kí n bá òun tan iná fóònù.