Traction control ọkọ̀ AWD nínú ẹrọ̀fọ̀: apá kan ẹ̀ dáa, apá kejì ń bí mi nínú

Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ibi tí mo fì sí kó má bàa di àròyé: traction control (ètò kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ́ kí táyà máa yí lásán) tó wà nínú jíìpù AWD (èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà) tí mò ń wà yìí, tó bá jẹ́ lójú títì tí òjò ti pa, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni màá fún un, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá wá di inú ẹrọ̀fọ̀, márùn-ún. Mẹ́fà, tí táyà bá dáa. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà torí kì í ṣe tiwọn nìkan ló ń ṣe báyìí, ọ̀pọ̀ jíìpù ojú títì tí wọ́n lẹ AWD mọ́ nídìí, bákan náà ni wọ́n ṣe rí.

Ẹ wò ó, AWD ò sọ pé gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fa ọkọ̀ bákan náà o. Differential (jíà tó ń pín agbára) tó wà láàárín táyà ọ̀tún àti tòsì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe èyí tó ń lọ́ọ̀kì kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀, ó kàn ń pín agbára sọ́tùn-ún sósì lọ́gbọọgba ni, tí táyà kan bá sì ti bọ́ sí ibi tó ń yọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tí èyí tó ń yọ̀ yẹn lè lò náà ni ìkejì tó wà lórí ilẹ̀ líle máa rí gbà. Ẹ ò wa rí i pé táyà kan á máa yí bíi fáànù, ìkejì á dúró gbagidi.

Ibí yìí ni traction control ti wọ̀ ọ́. Sẹ́ńsọ̀ ABS (ètò búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) tó wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan ló máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé èyí báyìí ti ń sáré ju àwọn tó kù lọ, kọ̀ǹpútà á wá ṣe nǹkan méjì: á fi búréèkì di táyà tó ń yọ̀ yẹn nìkan mú, á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Ti búréèkì yẹn ni mo fẹ́ràn, ẹni tó ronú ẹ̀ gbọ́n gan-an ni, torí tí búréèkì bá ti di èyí tó ń yí lásán mú, agbára tó ń ṣòfò níbẹ̀ á rí ọ̀nà kọjá sí òdìkejì. Ẹ máa gbọ́ gbrr gbrr gbrr lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, iná tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀ á máa ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ariwo yẹn báyìí, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí throttle, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ jàre. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ mú un dúró síbẹ̀, kí búréèkì ráyè di táyà yẹn mú dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ̀ á rọra wọ́ jáde fúnra ẹ̀.

Àmọ́ dídín agbára ẹ́ńjìnnì kù yẹn, há à! Lójú títì tó tutù ó bọ́gbọ́n mu, torí táyà tó bá ń yọ̀ níbẹ̀ ò ṣe nǹkan kan tó dáa. Ẹrọ̀fọ̀ yàtọ̀. Ẹrẹ̀ máa ń dí gbogbo ojú kòtò tó wà lára táyà, táyà á wá dán bọ̀rọ̀, àfi tó bá yí kíákíá ló fi lè ju ẹrẹ̀ yẹn dànù kí ojú ẹ̀ tún là láti gbá ilẹ̀ mú. Yíyí tó yẹ kó yí yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà ń pè ní wàhálà. Ẹ ti ń gun òkè díẹ̀ bọ̀, ọkọ̀ ń lọ, eré tẹ́ ẹ bá wọlé ló ń gbé yín lọ, táyà yọ̀ díẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà já agbára gbà, ẹ tẹ throttle dé ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò dá yín lóhùn, eré tán, ọkọ̀ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi tọ́jú agbára?

Torí ẹ̀ ni bọ́tìnì tí wọ́n ń fi pa á ṣe wà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ inú ẹrọ̀fọ̀, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ bá ti jókòó tán. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ jọ̀ọ́ rẹ̀, traction control nìkan ló máa kú, àmọ́ tí ọkọ̀ bá dúró tẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju sẹ́kọ́ńdù 3 lọ, èyí tó ń mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin ní kọ́nà náà á bá a lọ. Ọkọ̀ míì wà tẹ́ ẹ bá pa á, agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ló máa fi sílẹ̀ fún yín, búréèkì á ṣì máa di táyà mú, èmi gba tìyẹn jù. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ tún un tan, á padà sẹ́nu iṣẹ́, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀ ní pípa bọ́ sójú títì ń wá wàhálà. Tó bá sì jẹ́ ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ líle ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí láti pa á.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ fún èèyàn tí wọ́n bá ń ta ọkọ̀: clutch tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn máa ń gbóná. Tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹ́ níyà nínú ẹrọ̀fọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀ lè já ẹ̀yìn sílẹ̀ kó máa fi iwájú nìkan fà títí á fi tutù. Búréèkì náà ń gbóná. Nígbà yẹn, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ gbàgbé ìgbéraga.

Àwọn tó ronú nípa ẹrẹ̀ dáadáa wà ṣá. Land Rover gbé Terrain Response jáde nínú Discovery 3 lọ́dún 2004, ó ní ibi tí wọ́n ń yí i sí fún ẹrẹ̀, Subaru náà fi bọ́tìnì X-Mode sínú Forester 2014, tó ń ṣiṣẹ́ tí eré ò bá tíì kọjá bíi 40 km/h. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà tuntun, tọkọ̀ yín ò sì ní irú bọ́tìnì yẹn, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé pa ráúráú tàbí ìdajì.

Táyà wá ńkọ́? Òun gan-an ni mo fi sọ pé máàkì lè di mẹ́fà. Táyà ojú títì tó ti dán, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbà á. Mo máa ń tú atẹ́gùn díẹ̀ kúrò kí n tó wọlé, èyí tó ń gbé 33 psi lè sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 22, táyà á fẹ̀ sílẹ̀, á sì gbá ilẹ̀ mú jù, àmọ́ ẹ ní pọ́ńpù lọ́wọ́ o, ẹ má sáré lórí táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀. Síárìn náà, ẹ jẹ́ kó tọ́, tẹ́ ẹ bá yí i dé ìpẹ̀kun táyà iwájú á kàn máa ti ẹrẹ̀ síwájú. Tí abẹ́ ọkọ̀ bá sì ti jókòó sílẹ̀, ẹ sinmi throttle, ṣọ́bìrì ló kù, tàbí ọkọ̀ tó máa fà yín.

Irú jíìpù AWD yìí tó fún ẹni tí ọ̀nà ilé ẹ̀ ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jẹ́ pé inú ẹrọ̀fọ̀ ló ń gbà lójoojúmọ́, kó lọ wá èyí tó ní differential tó ń lọ́ọ̀kì. Tẹ́ ẹ bá jáde tán, ẹ fi omi fọ inú rímù dáadáa, ẹrẹ̀ tó bá gbẹ síbẹ̀ á jẹ́ kí síárìn máa gbọ̀n tẹ́ ẹ bá ń sáré, èyí tó bá sì lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ ABS lè tan iná mẹ́ta lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà, mẹkáníìkì á sì gbowó lọ́wọ́ yín lórí ohun tí omi lásán lè ṣe.