Bí mo ṣe pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí owó ìfarapa ẹsẹ̀ mi (ìràwọ̀ 4 nínú 5)

Ní 2014 ni mo wọ iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà lábẹ́ ètò MAVNI, ètò tó gba àwa tí a wà lórí físà wọlé nítorí èdè tí a gbọ́. Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n ń wá nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi kò ní àbùkù kankan. Ìlà kan péré nìyẹn, àmọ́ òun ló gbà mí. Òfin ní àbùkù tí wọn ò bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gbà pé o kò gbé e wọlé, àfi tí ẹ̀rí tó dájú bá sọ òdìkejì.

Búútù, ẹrù ẹ̀yìn, ìrìn máìlì 12. Nígbà tí mo fi máa kúrò, ẹsẹ̀ méjèèjì ti tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ.

Mo béèrè owó ìfarapa lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn sójà àtijọ́; wọ́n ní ìfarapa mi jẹ́ 10% (bí ìdá náà bá ṣe ga sí ni owó ṣe ń pọ̀ sí). Èmi náà ni mo sì ṣe ara mi. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo rí dókítà. Ó ní báwo ni, mo ní, “Dáadáa ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n ń kí láàárọ̀ tó máa dáhùn pé ẹsẹ̀ ń dun òun? Nígbà tí mo gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀, ó wà níbẹ̀ ketekete pé mo ní ara mi le. Ẹsẹ̀ ò sì wú, torí mi ò tíì fi dúró ṣe iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.

Ọkùnrin iléeṣẹ́ kan pè mí, ó ní òun á bá mi já a, tí owó mi bá lé sí i, kí n sáà fún òun ní èlé náà fún oṣù márùn-ún. Díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ sí i. Bàbá kan, sójà àtijọ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti máa ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ló dá mi dúró.

Láti 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí ìpinnu wọn ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn: kí o mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ọ̀gá àgbà tún fáìlì àtijọ́ yẹ̀ wò láìfi nǹkan kún un, tàbí kí o lọ bá àwọn adájọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá bi mí: “Kí lo ní tí wọn ò tíì rí?”

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó mi ń ya ẹsẹ̀ mi ní fọ́tò tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé: ojú ìbọ̀sẹ̀ tó wọ inú ẹran tó wú, awọ abẹ́ àtàǹpàkò tó le bí ìkarahun ìgbín. Ó tún kọ ìwé tirẹ̀ pé mo ń rákò gun àtẹ̀gùn lálẹ́. (Ojú tì mí. Mi ò mọ̀ pé ó ń wò mí.) A fi lẹ́tà dókítà ẹsẹ̀ kún un, a sì fi ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé, kí déètì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń ka owó náà má baà bọ́.

Wọ́n sọ ọ́ di 30%, ti ẹsẹ̀ méjèèjì tó burú. Àwọn kan ní kí n lé 50%, ṣùgbọ́n ti ẹni tí bàtà àkànṣe kò ràn lọ́wọ́ rárá nìyẹn. Tèmi ń ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, mi ò sì ní purọ́.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ti ìdúró ni. Oṣù ń gorí oṣù, lẹ́tà kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò kejì, dókítà mìíràn tún ní báwo ni. Mo kó ẹnu mi níjàánu, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ná.”