Kárìótíìpù tí èmi àti ọkọ mi ṣe ní Àjàṣẹ́: iṣẹ́ láàbù dáa, àlàyé ló kù

Ẹ̀yin tí oyún ń bàjẹ́ lára yín léraléra, tí dókítà ti kọ kárìótíìpù (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ka kírómósómù) fún, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe lọ ní láàbù kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Kétu là ń gbé. Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe fi èsì lé wa lọ́wọ́ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ẹ má rò pé àyẹ̀wò AS àti SS tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì ni o. Kírómósómù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá tí òbí ń fún ọmọ, ni wọ́n ń kà níbí. 46 ló yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá. Láàbù á tọ́jú sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ fún bíi ọjọ́ mẹ́ta kó lè máa pín, kí wọ́n tó pa á láró, kí wọ́n sì kà á. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàyè: kò gbọdọ̀ di yìnyín, ooru kò sì gbọdọ̀ pa á.

Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń fi tiwa ránṣẹ́ sí, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀. A pè wọ́n kí a tó gbéra, ẹni tó gbé fóònù kò sọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ la gba Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ Ajé. Owó ọkọ̀ ṣòfò, ìsọ̀ mi sì wà ní títì. Nígbà tí a padà lọ, nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìgò kékeré oníderí aláwọ̀ ewé ló lò, ó rọra ń yí i sókè sódò kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, ó sì kọ orúkọ àti wákàtí sára rẹ̀ lójú wa. Ó gba ti ọkọ mi náà. Owó èèyàn méjì lẹ máa san, kò sì kéré, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti obìnrin nìkan ti tó.

Nígbà tí èsì dé, ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà fa ìwé yọ nínú àpòòwé, ó wò ó, ó sì sọ ọ́ sókè lójú gbogbo àwọn tó jókòó: "Ti màdáámù dáa o. Ti mọ̀síyé ló níṣòro." Bàbá ilé mi kò fèsì. Ó gba ìwé, ó ká a, ó fi í sápò. Inú ṣì ń bí mi sí i bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Inú yàrá ló yẹ kí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ohun tó wà nínú ìwé ni 45,XY,der(13;14)(q10;q10). Ta ló fẹ́ túmọ̀ ìyẹn? Kò sẹ́ni tó jókòó tì wá ní láàbù. Dókítà àwọn obìnrin tó rán wa lọ ló fa tákàdá, tó yà á fún wa. Ó ní kírómósómù 13 kan àti 14 kan ló so pọ̀ lára ọkọ mi, kí a wò ó bí ìwé tí ewé kẹtàlá àti ìkẹrìnlá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra: bí o bá kà á, ó dín kan, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ pàtàkì tó sọnù. Ìdí nìyẹn tí ara ọkọ mi fi le koko. Ìgbà tó bá fẹ́ fún ọmọ ní ìdajì tirẹ̀ ni wàhálà ń dé. 13 tàbí 14 lè lé, ó sì lè dín, irú oyún bẹ́ẹ̀ kì í sábà dúró. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀pọ̀ nínú àtọ̀ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló péye, pé a lè bímọ láìṣe nǹkan mìíràn. Bí oyún bá dúró, kí a tètè wá kí wọ́n yẹ omi inú ilé ọmọ wò, nítorí ọmọ tí 13 rẹ̀ lé lè dúró dé ìbí, àìlera rẹ̀ á sì pọ̀ gan-an.

Ẹ ò mọ ohun tí ìwé yẹn ṣe nínú ilé wa. Gbogbo àgbo, gbogbo àdúrà, orí mi ni wọ́n ń dà á lé. Ọkọ mi ló jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, ọ̀dọ̀ mi ni." Ìyá dákẹ́ títí. Wọ́n wá sọ pé oyún méjì bàjẹ́ lára àwọn náà lẹ́yìn tí wọ́n bí ọkọ mi, àwọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ bàbá olóògbé. Àbúrò ọkọ mi tó ń múra ìyàwó ti ní òun náà máa lọ ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Nínú 100 tọkọtaya tí oyún ń bàjẹ́ fún léraléra, bíi 2 sí 5 ni wọ́n ń bá irú nǹkan yìí lára ọ̀kan nínú wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí kírómósómù oyún fúnra rẹ̀ lé tàbí kó dín, láìsí nǹkan kan lára ìyá tàbí bàbá, pàápàá bí obìnrin bá ti kọjá ọmọ ọdún 35. Bí oyún bá tún bàjẹ́, ẹ ní kí wọ́n yẹ ohun tó jáde wò, kí wọ́n fi sínú omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, kì í ṣe fọ́mọ́ọ̀lù (oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má bàa jẹrà), torí ìyẹn ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ẹ sì kọ́kọ́ yẹ ilé ọmọ, ṣúgà, táírọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn àti antiphospholipid (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì) wò, torí àwọn yẹn ní ìwòsàn.

Mo fún láàbù náà ní 3 nínú 5. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹ ní kí wọ́n má ṣí àpòòwé yín, kí ẹ sì ti bá dókítà tó máa ṣàlàyé dá ọjọ́ kí èsì tó dé.