Oṣù Méje Pẹ̀lú Kámẹ́rà Amúratutù: Leo I Ni Mo Fi Dán An Wò

Owó tí mo fi ra kámẹ́rà yìí kò dùn mí rárá. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Bó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Èmi tí mò ń fi í dọdẹ àwọn gálásì aràrá, ìyẹn àwọn agbo ìràwọ̀ kéékèèké, mọ̀ pé ìtutù rẹ̀ gan-an lọjà.

Ẹni tó bá mọ Regulus, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù nínú àgbájọ ìràwọ̀ Leo, ti mọ ibi tí Leo I, ọ̀kan nínú àwọn gálásì aràrá náà, wà. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó ìbú òṣùpá lójú wa. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ Regulus ń rin nǹkan bí ọdún 79 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti Leo I sì ju ọdún 800,000 lọ. Ó dà bí kí wọ́n tan àtùpà sí ọ lójú, kí wọ́n wá ní kó o wo èéfín tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Abájọ tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀ pé ó wà títí di ọdún 1950, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Harrington àti Wilson rí i nínú àwọn àwòrán tí wọ́n yà ní ibùdó ìwòràwọ̀ Palomar, ní Amẹ́ríkà. Èmi náà ti fi ojú wá a lẹ́nu awò awọ̀nàjíjìn mi. Mo kọ́kọ́ jókòó sínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 30, mo ti Regulus kúrò nínú ojú awò, mo wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lè búra pé mo rí nǹkan kan.

Ìwé á sọ fún yín pé ìmọ́lẹ̀ gálásì báyìí kò burú. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ife omi kan tí wọ́n dà sórí ilẹ̀ títẹ́jú ni: omi náà ò dín, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lásán ju tirẹ̀ lọ, nítorí náà èérí díẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀yà kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, bá fi kún un ti tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó bá sì gbóná, ara rẹ̀ ló ń bí èérí ọ̀hún. Bí ẹ bá fi nǹkan bí dígírì 6 tàbí 7 dín ooru rẹ̀ kù, èérí náà á dín sí ìdajì. -10°C ni mo máa ń fi tèmi sí, kì í sì í yẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ya àwòrán dark 40 (èyí tí a ń bo ojú kámẹ́rà yà, ká lè fi yọ èérí sẹ́ńsọ̀ kúrò), mo sì lò wọ́n fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kámẹ́rà mi àtijọ́ ò lè ṣe é: èyí tí mo bá yà ní ìrọ̀lẹ́ kì í bá ti òru mu.

Ẹ gbọ́ àbùkù rẹ̀ náà. Ní alẹ́ kẹta, lẹ́yìn àwòrán 60 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 3, nǹkan rúbúrúbú kan yọ. Inú mi dùn débi pé mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan. Àfi bí mo ṣe wò ó dáadáa tí mo rí i pé ó ti rí roboto jù. Mo yí awò díẹ̀ kí Regulus lè bọ́ sí igun, ni nǹkan náà bá ṣí kúrò láàárín àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká. Gálásì wo ló ń kó kúrò láàárín aládùúgbò rẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ Regulus ló ń ta lu sẹ́ńsọ̀, tó ń padà lu gíláàsì iwájú rẹ̀. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, wọ́n ní kí n pààrọ̀ fílítà mi. Èmi tí n kò lo fílítà! Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo ti Regulus síta fọ́tò pátápátá, mo wá fi Leo I sí etí.

Ó máa ń jẹ bátìrì gan-an, ìrì sì máa ń sẹ̀ sára gíláàsì rẹ̀ bí ẹ bá gbàgbé láti tan ohun tó ń mú un gbóná.

Àwòrán 120, ìyẹn wákàtí 6, ni mo kó pọ̀ kí Leo I tó jáde dáadáa bí ẹyin tí kò ní etí. Kí àwòrán tó lè mọ́ ní ìlọ́po méjì sí i, wákàtí 24 ni. Tó bá jẹ́ àwọn gálásì aràrá tó mọ́lẹ̀ dáadáa bíi NGC 185 tàbí M110 nìkan lẹ fẹ́ yà, ẹ fi owó yín pamọ́, kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ yín á ṣe é.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un; Regulus ló gba ìkarùn-ún.

Fornax, gálásì aràrá mìíràn, ló kàn báyìí. Ní 1835 ni John Herschel ti rí NGC 1049, ọ̀kan nínú àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n gálásì tó gbé e dání dúró de Shapley títí di 1938. Àwòrán 40 ni mo ti yà. NGC 1049 ti yọ ketekete. Títí di àná, mi ò tíì rí gálásì náà.