Iná ẹ̀yìn tí mo rà fún ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tò

Mo tẹ búréèkì. Dípò kí iná búréèkì tàn gbòò, òun àti tíráfíkétọ̀ ni wọ́n jọ ń tàn bàìbàì bí àtùpà tí epo ń tán nínú ẹ̀. Mo yí tíráfíkétọ̀ sósì, iná pupa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ìyàwó mi ló dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń bá mi wò ó, ó wọ kóòtù lé aṣọ alẹ́. Ó ní, “Bàbá Tólú, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?” Mi ò dá a lóhùn. Aago 11 alẹ́ ni, nínú gáréèjì wa ní Kent, ọ̀sẹ̀ 2 péré ló sì kù kí n gbé ọkọ̀ náà lọ fún IVA, àyẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe fún irú ọkọ̀ báyìí kó tó lè rìn lójú títì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Ọmọkùnrin tó gbé e ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: “Ìwé àlàyé wà nínú páálí, sà, ẹ tún un kà.” Ìwé wo? Ewé kan ṣoṣo, àwòrán ló kún inú ẹ̀! Mo sọ fún un pé kó fún mi lọ́gàá ẹ̀. Ohùn mi ti ga nígbà yẹn, mi ò ní purọ́.

Ìyá àgbà kan ló bọ́ sórí fóònù. Kò bá mi jiyàn rárá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Kí ni wọ́n fi ṣe mọ́gáàdì ẹ̀yìn tí ẹ de iná mọ́?” Mo ní fáíbà ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú wáyà kan, kí n fi ẹnu kan kan bọ́ọ̀tì iná, kí n fi ìkejì kan irin férémù. Mo ṣe é. Iná búréèkì là yàà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú.

Ẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì! Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ riwáyà n'Ìbàdàn kí n tó wá síbí. Ṣùgbọ́n irin ni gbogbo ọkọ̀ tí a ń tún ṣe nígbà yẹn, ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì. Ara bọ́ọ̀tì ni iná yìí náà fẹ́ kí ẹ́ẹ̀tì gbà, fáíbà ò sì ń gbé iná. Nígbà tí kò rọ́nà gbà padà sí bátìrì, ó ń gba inú gílóòbù iná míì kọjá. Ìyá yẹn ò pa fóònù títí mo fi fa wáyà ẹ́ẹ̀tì tọ̀túntòsì dé férémù. Ìṣẹ́jú 35.

Àfi ti iná kùrukùru, iná pupa ẹ̀yìn tí a ń tàn tí kùrukùru bá bolẹ̀. Páálí tí wọ́n yà fún ihò tí a máa lu, òsì ló fi í sí, bí ìlú tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Ní Bìrìtìkó, tó bá jẹ́ ẹyọ kan, àárín tàbí ọwọ́ ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ wà. Mo ti lẹ téèpù mọ́ fáíbà kí ojú ẹ̀ má bàa fọ́, mo ti fi dírìlì kékeré ṣáájú, ihò náà mọ́ roboto. Ibi tí kò yẹ ló wà! Mo fi résìn dí i, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Etí irin tí wọ́n fi ń gbé iná náà mú bí abẹ, fáìlì ni mo fi fá a kó tó rí róbótó tí IVA ń fẹ́.

Àmì E, tó ń fi hàn pé iná bá ìlànà mu, wà lára gbogbo gíláàsì ẹ̀ ṣá. Ẹni tó yẹ ọkọ̀ wò kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú tépù, ó wọn gíga láti ilẹ̀, pé kò gbọ́dọ̀ dín sí mílímítà 350, ó wọn ti ẹ̀gbẹ́, ó dìde, kò sọ nǹkan kan. Ọkọ̀ náà yege.

Tí oòrùn bá kàn án, ojú ibi tí mo dí yẹn ṣì ń hàn. Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Ẹ tún páálí yẹn yà.