Wíwá ìwádìí oògùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà: ClinicalTrials.gov àti ọ́fíìsì ìwádìí ilé ìwòsàn

Ọdún 2000 ni ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí a ti ń wá ìwádìí tó ń dán oògùn wò lára ènìyàn, ti wà. Ilé ìkówèésí ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ irú jẹjẹrẹ náà àti ìlú yín síbẹ̀, kí ẹ wá yan "Recruiting", ìyẹn ìwádìí tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ má ṣi í mú fún "Active, not recruiting" o: èyíinì ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò gba ẹni tuntun mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwádìí náà sílẹ̀, NCT àti díjíìtì mẹ́jọ, torí òun ni ọ́fíìsì ìwádìí ilé ìwòsàn máa fi mọ ìwádìí tí ẹ ń sọ.

Fún wíwá, ó dára gan-an. Ohun tí kò lè sọ fún yín ni bóyá àyè ṣì wà lónìí. Nínú ìwádìí ìpele kìíní, níbi tí wọ́n ti ń wá ìwọ̀n oògùn tí ara lè gbà, ẹni mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà. Wọ́n á dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wo bí oògùn ṣe ṣe wọ́n kí wọ́n tó fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Ojú ìwé lè máa sọ pé wọ́n ń gbà, kí àyè ti kún nílé ìwòsàn tó wà nítòsí yín. Ẹ pè wọ́n.

Orí fóònù yìí gan-an ni a ti ń mọ ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ìwádìí tó dáńtọ́ á béèrè gbogbo ìtọ́jú tí ẹ ti gbà, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kó tó ní kí ẹ máa bọ̀. Ọjọ́ tí ẹ gba kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) kẹ́yìn ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, torí ọ̀pọ̀ ìwádìí fẹ́ kó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò tuntun lọ́jọ́ Ajé, tó wá pè lọ́jọ́bọ̀, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ẹ pè kí ìtọ́jú tó yí padà.

Ẹ kó ìwọ̀nyí dání: èsì àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé, èsì àyẹ̀wò jíìnì, àti àwòrán CT (àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà) fúnra rẹ̀ lórí díìsìkì, nítorí ìwé àlàyé nìkan kò tó. Ẹran ara tí wọ́n tọ́jú sí yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn àtijọ́ ló máa ń pẹ́ jù kó tó dé. Ẹ béèrè fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń wò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: kókó tó tó mílímítà 10 lórí CT, ó kéré tán platelet (tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) 100,000 àti neutrophil (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà) 1,500 nínú máíkrólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Wọ́n ń wo agbára ara pẹ̀lú ìwọ̀n ECOG. Ẹni tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà ní 0. Ẹni tí iṣẹ́ líle ti kọjá agbára rẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń rìn káàkiri wà ní 1. Àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ń gbà. Àwòrán tó ti lé ní ọjọ́ 28 sábà máa ń di títún yà.

Ní ti owó, Medicare (ìbánigbófò ìjọba fún àgbàlagbà) ti ń san owó ìtọ́jú tí a máa ń ṣe fún aláìsàn bó ti yẹ nínú ìwádìí láti ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ìbánigbófò aládàáni láti 2014, Medicaid (ti ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó) láti oṣù Kìíní ọdún 2022. Oògùn tí wọ́n ń dán wò, ilé iṣẹ́ tó ni ín ló sábà máa ń gbé e kalẹ̀. Owó ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n máa sùn ló ń dá aláìsàn lágara, ó sì dùn wá pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í mẹ́nu bà á àfi bí ẹ bá béèrè. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ béèrè àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò tó wà nínú NCORP, ètò ìjọba tó ń mú ìwádìí jẹjẹrẹ dé ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ 1-800-4-CANCER ti àjọ jẹjẹrẹ ìjọba Amẹ́ríkà náà ń bá ènìyàn wá ìwádìí.

Ẹ gbé ìwé ìfọwọ́sí lọ sílé kà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ lè jáwọ́ nígbàkúùgbà. Kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ béèrè ohun kan sí i: bí mi ò bá yege, ta ló máa pè mí, lọ́jọ́ wo, ṣé ẹ óò sì wo ìwádìí mìíràn fún mi?