Ta Ló Ni Ín? Oṣù Mẹ́ta Tí Mo Fi Ń Ti Inú C Ka Sequence Python

Iṣẹ́ tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò le lójú rárá. Mo ní fáìlì ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó gùn gbọọrọ, mo sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ: dò, re tàbí mí. Mo kọ ọ́ ní Python, èdè kan tí a fi ń kọ prógíráàmù. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń fà. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, mo lè lọ bu omi sí gààrí, kí n mu ún tán, kí n fọ abọ́, kí n sì padà wá bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n gbé apá tó ń fà yẹn sínú C, èdè prógíráàmù mìíràn tó yára jù ú lọ, kí Python máa pè é. Mo ní ó dáa. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fọkàn sí.

Oṣù mẹ́ta ló gbà. Kì í ṣe gbogbo C API Python (àwọn function, ìyẹn àwọn àṣẹ tó lórúkọ, tí C fi ń bá Python ṣiṣẹ́) ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí o, apá tó kan sequence nìkan ni: list (àkójọ tó ṣeé yí padà), tuple (àkójọ tí kò ṣeé yí padà), str (ọ̀rọ̀ tí a kọ), àti ohunkóhun tí ẹlòmíì bá kọ tí nǹkan tò sínú rẹ̀ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé.

Ẹnu ọ̀nà méjì ló wọ ibẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn function tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PySequence_. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò nílò láti béèrè bóyá list ni wọ́n gbé fún òun tàbí tuple. PySequence_Size á sọ iye ohun tó wà nínú rẹ̀, PySequence_GetItem á mú èyí tẹ́ ẹ bá dárúkọ ipò rẹ̀, PySequence_Contains á sọ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Èkejì wà fún ẹni tó mọ ohun tó dì mọ́wọ́ dájú: PyList_ fún list, PyTuple_ fún tuple. Èkejì yìí yá díẹ̀ jù, torí kì í fi ìbéèrè falẹ̀. Ó tilẹ̀ tún le lórí ìṣirò: ẹ fún PySequence_GetItem ní -1, á ka ìyẹn sí èyí tó gbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí Python ṣe máa ń ṣe. Ẹ fún PyList_GetItem ní -1, IndexError lẹ máa gbà, ìyẹn àṣìṣe pé kò sí ipò bẹ́ẹ̀.

Títí débí, kò sí ìṣòro. Àlàyé orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn mọ́, orúkọ àwọn function náà sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ta ló ni nǹkan ló fẹ́ẹ̀ lé mi nílé.

Gbogbo nǹkan tó wà nínú Python ló ní òǹkà kan lára, tó ń sọ iye àwọn tó dì í mú. Py_INCREF ń fi ọ̀kan kún un, Py_DECREF ń yọ ọ̀kan kúrò. Tó bá ti di òdo, nǹkan náà ti lọ nìyẹn, àyè rẹ̀ nínú memory á ṣófo. Tí èèyàn bá ń kọ Python lásán, kò ní rí èyí láyé. Nínú C, ìwọ fúnra rẹ ni akápò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn function wọ̀nyí kò bá èèyàn ṣe àdéhùn kan náà. PySequence_GetItem ń fi tìẹ lé ọ lọ́wọ́: bí o bá lò ó tán, ìwọ ni kó o jọ̀wọ́ rẹ̀. PyList_GetItem ń yá ọ ni: má ṣe jọ̀wọ́ ohun tí kì í ṣe tìẹ. Àwọn méjèèjì jọ ń mú ohun kan jáde láti ibì kan náà, orúkọ wọn jọra bí ìbejì, àmọ́ ohun tó yẹ kó o ṣe lẹ́yìn wọn yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rèé:

for (Py_ssize_t i = 0; i < n; i++) {
    PyObject *oro = PySequence_GetItem(akojo, i);
    ka_ohun(oro);
}

Ó yá bí àṣá. Mo yọ̀, mo tilẹ̀ pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá gbé odindi fáìlì fún un, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, kọ̀ǹpútà mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Python ń ju list ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nù lẹ́yìn tí mo bá kà á tán, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò lọ. Mo ti di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú, mi ò sì jọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

Wọ́n fi ìka lé ìlà kejì. "Ta ló ni ín?"

"Python ni, sà."

"Àbúrò, mo ní ta ló ni ín?"

Py_DECREF(oro) kan ṣoṣo ló kù. Ohun tó tún dùn mí ni pé mo ti dán kóòdù náà wò tẹ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ìyẹn bóyá ó ń gba àyè memory láìdá a padà, mi ò sì rí nǹkan kan. Nọ́ńbà kéékèèké ni mo fi dán an wò. Python ti ní nọ́ńbà -5 títí dé 256 nílẹ̀ látìgbà tó ti jí, kì í dá òmíràn. Láti Python 3.12 sì ni òǹkà irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ti í gòkè tàbí wálẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ń jò, kó fi ọ̀rọ̀ gígùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn mo bá ara mi sọ pé n ó kúkú máa yá. Mo yí gbogbo rẹ̀ sí PyList_GetItem, kò sí ohun tí n ó jọ̀wọ́ mọ́. Ẹ gbà mí lọ́rọ̀: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Ohun tí ẹ yá wà láyé níwọ̀n ìgbà tí list náà bá ṣì dì í mú nìkan. Bí ẹ bá pe function Python kan láàárín, tí function yẹn sì lọ yọ nǹkan náà kúrò nínú list, òǹkà rẹ̀ lè di òdo, kí ẹ̀yin sì máa di òfo mú lọ. Nígbà mìíràn prógíráàmù á kú lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú "Segmentation fault". Ìyẹn ṣì dáa. Èyí tó burú ni kó máa ṣiṣẹ́ lọ, kó máa fi èsì tí kò nítumọ̀ sínú fáìlì yín. Ní ibi tí mo bá ti ń yá báyìí, Py_INCREF ni mo kọ́kọ́ ń ṣe kí n tó pe ohunkóhun mìíràn.

Ti PyList_SetItem ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Òun ń jí. Èmi kọ́ ni mo fẹ̀sùn kàn án, ìwé àlàyé Python fúnra rẹ̀ ló lo ọ̀rọ̀ olè fún un. Ẹ gbé nǹkan fún un kó fi sínú list, ó ti di ti list nìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ Py_DECREF rẹ̀ mọ́. PySequence_SetItem ní tirẹ̀ kì í jí, PyList_Append náà kì í jí. Nítorí náà ẹni tó bá kàn fi èyí rọ́pò ìyẹn nínú kóòdù rẹ̀ láìwo ìlà tó tẹ̀lé e, bí kò bá jò, á kú. Ohun kan tún wà: bí ẹ bá fi PyList_New dá list oníhò sílẹ̀, NULL, ìyẹn òfo, ló wà nínú gbogbo ihò rẹ̀. PyList_SetItem ni kẹ́ ẹ fi dí gbogbo ihò náà tán kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ojú Python kàn án.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí str, torí ọ̀rọ̀ Yorùbá ni mo ń kà. Str náà jẹ́ sequence. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún function yín dípò list ọ̀rọ̀, PySequence_Check á ní kò burú, ẹ ó sì máa ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀. PyUnicode_Check ni mo fi ṣe onígèètì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo "Ọ̀yọ́". Lẹ́tà mẹ́ta lojú rí. PySequence_Size ní 5 ni. Nínú fáìlì mìíràn tí mo gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan náà jẹ́ 7. Àṣìṣe kọ́. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ní àyè kan fún lẹ́tà "ọ", ṣùgbọ́n kò ní àyè fún "ọ" tó ti gbé àmì ohùn. Àmì náà máa ń dá dúró tirẹ̀. Ẹlòmíì a sì tún máa kọ àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ lára "o", ibi tí 7 ti wá nìyẹn. Kí n tó gbé ohunkóhun fún C báyìí, mo ń fi unicodedata.normalize sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan náà ní Python. Ẹ má sì fi PySequence_GetItem ka lẹ́tà inú str. Ó ń dá str tuntun fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn lẹ́tà òyìnbó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí Python kàn ń nawọ́ mú, àmọ́ "ọ" kò sí lára wọn, ẹ̀dà tuntun ni ẹ ó máa gbà ní gbogbo ìgbà. PyUnicode_ReadChar yá jù ú lọ, nọ́ńbà lásán ló ń fún yín, kò sì sí ohun tí ẹ ó jọ̀wọ́.

Ibi tí mo wá fìdí kalẹ̀ sí ni PySequence_Fast. Ẹ gbé ohunkóhun tí a lè tò kà fún un, á dá list tàbí tuple padà. Bó bá ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn tẹ́lẹ̀, kò ní dà á kọ, òun náà ni á dá padà. Lẹ́yìn ìyẹn, PySequence_Fast_GET_ITEM ń yá yín ohun kọ̀ọ̀kan láìfi àkókò ṣòfò, Py_DECREF kan ṣoṣo sì ló kù lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Òun ni mi ò fi lè lọ mu gààrí mọ́. Kí n tó ní kí n dìde, ó ti parí. Àléébù rẹ̀ kan ni pé bí list bá ń gùn sí i nígbà tẹ́ ẹ ń kà á, ó lè ṣí kúrò níbi tó wà nínú memory, nítorí náà ẹ má ṣe di PySequence_Fast_ITEMS mú kọjá ibi tí nǹkan ti lè yí padà.

Ẹ máa wo -1 dáadáa. PySequence_Contains ń dá 1, 0 tàbí -1 padà, -1 sì túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́. Mo kọ if lásán yí i ká, C sì ka -1 sí bẹ́ẹ̀ ni. Odindi ọjọ́ Sátidé ni mo fi wá ìyẹn.

Python 3.13 mú PyList_GetItemRef wá. Kì í yáni ní nǹkan, tìẹ ló ń fi lé ọ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ Python tí okùn (thread, ìyẹn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́tọ̀ nínú prógíráàmù kan náà) púpọ̀ lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí GIL, àgádágodo tó ń jẹ́ kí okùn kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ló sọ ọ́ di dandan, torí okùn mìíràn lè yọ ohun tí ẹ yá lójú yín. Fún kóòdù tuntun, òun ni mo ń lò.

Máàkì tí mo fún apá C API yìí jẹ́ 7 nínú 10. Bí list yín kò bá gùn, ẹ dúró sí Python, ẹ máa mu gààrí yín. Bí wọ́n bá mú olè kúrò lára PyList_SetItem, n ó fi ọ̀kan kún un, àmọ́ mi ò retí rẹ̀. Kóòdù tó ti gbára lé olè yẹn kárí ayé ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń bá mi ka kóòdù ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ìka lé ìlà kan, mo sì dáhùn kí wọ́n tó la ẹnu.